Ẹ fọwọ́ na ìka náà wò: ìdáhùn sáwọn lẹ́tà yín lórí ìka ẹsẹ̀ tó tẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù tó kọjá gìgísẹ̀ tó máa ń ro èèyàn láàárọ̀ la sọ̀rọ̀ lé lórí, àmọ́ lẹ́tà tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀, ìka ẹsẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè. Ìka tó ká, ìka tó gun orí ẹnìkejì ẹ̀, eegun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, ìyá ìkókó kan tiẹ̀ kọ̀wé nípa ìka kẹfà. Mo ti yọ orúkọ kúrò lára gbogbo lẹ́tà, ibi tí wọ́n ti wá nìkan ni mo fi sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò lẹ́sẹ̀ ọ̀tún mi ti ká, àárín ẹ̀ yọ sókè bí orúnkún, awọ orí ẹ̀ ti yi ó sì ti dúdú. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bàtà kóòtù la máa ń wọ̀, kó tó di aago méjì ọ̀sán ẹsẹ̀ yẹn á ti máa ta mí débi pé màá bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì. Mo máa ń fi bíléèdì gé awọ yẹn kúrò àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní oparéṣọ̀n ló kù, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ bá àwọn tó ń to eegun. Èwo ni kí n ṣe? Ọmọ ọdún 38 ni mí. (Bódìjà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ má tíì lọ síbì kankan nínú méjèèjì. Lálẹ́ òní tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn lé itan, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ na ìka náà jẹ́jẹ́. Tó bá nà, a jẹ́ pé iṣan ló ń fà á ká, oríkèé ẹ̀ ò tíì gan. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, tó dúró gbagidi sójú kan, oríkèé ti gan nìyẹn. Gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún yín dúró lórí ìyẹn, ó sì máa ń dùn mí pé àwọn èèyàn kì í yẹ̀ ẹ́ wò títí ọdún á fi gorí ọdún, torí ìka tó ṣì ń nà, a ṣì lè dá a dúró ká má jẹ̀ẹ́ kó bà jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láìlo abẹ, àmọ́ èyí tó ti gan, bàtà àti pádì lè mú ìrora ẹ̀ fúyẹ́ ni, wọn ò lè nà án mọ́.

Hammer toe ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Oríkèé àárín ló ń ká nínú tiyín yẹn. Tó bá jẹ́ oríkèé tó sún mọ́ èékánná nìkan ló tẹ̀ wálẹ̀, mallet toe nìyẹn, tó bá sì jẹ́ pé ìdí ìka ló gbé sókè tí oríkèé méjèèjì tó kù wá ká wálẹ̀, tí ìka náà dà bíi pé ó fẹ́ ha ilẹ̀, claw toe ni. Mo ń sọ èyí torí claw toe ní ìtumọ̀ míì tó lè le gan-an, màá débẹ̀ nínú lẹ́tà bàbá kan nísàlẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Iṣan wà lókè ìka tó ń fà á sókè, iṣan wà nísàlẹ̀ tó ń fà á wálẹ̀, àwọn iṣan kéékèèké tún wà nínú àtẹ́lẹsẹ̀ fúnra ẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìka dúró pẹrẹsẹ. Tẹ́ ẹ bá wá ki ẹsẹ̀ bọ inú bàtà tẹ́nu ẹ̀ ṣóńṣó, tí gìgísẹ̀ ẹ̀ tún ga, gbogbo ìwọ̀n ara yín ló ń yọ̀ lọ síwájú, ìka tó bá gùn jù ló máa kọ́kọ́ kan ògiri bàtà, láàárín àwọn ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ìka kejì ló sì sábà máa ń gùn jù, kò ríbi nà sí, ó ká. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan ìsàlẹ̀ á kúrú, oríkèé á mọ́ ọn lára. Kì í ṣe bàtà nìkan o, ẹ̀yà ẹsẹ̀ téèyàn jogún wà níbẹ̀, làkúrègbé tó ń jẹ oríkèé wà níbẹ̀, àtàǹpàkò tó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà sì máa ń ti ìka kejì lọ sókè. Àmọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, bàtà ni màá kọ́kọ́ mú.

Ẹ gbé ìwé funfun sílẹ̀, ẹ dúró lé e láìwọ bàtà, kí ẹnì kan fi pẹ́ńsùlù ya ẹsẹ̀ yín yí po. Ẹ wá gbé bàtà iṣẹ́ yẹn lé orí ohun tẹ́ ẹ yà. Tí ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ yà bá yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, bàtà yẹn ò gba ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó máa là tó bá yá. Èyí tẹ́ ẹ máa rà, ẹ lọ rà á nírọ̀lẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè tó tó ìbú ìka ọwọ́ kan ṣẹ́ kù níwájú ìka tó gùn jù, kí orí bàtà ga tó tí kò fi ní máa ha oríkèé tó yọ yẹn, kí gìgísẹ̀ ẹ̀ má ju bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀gá yín nílé iṣẹ́ lè fẹ́ bàtà kóòtù. Ẹ máa wọ bàtà pẹlẹbẹ lọ, ẹ máa wọ̀ ọ́ bọ̀, kí kóòtù wà lábẹ́ tábìlì fún ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde sí kọ́sítọ́mà.

Tí ìka náà bá ṣì ń nà, ẹ máa nà án lójoojúmọ́, ẹ dì í mú kẹ́ ẹ ka 1 dé 30, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún ṣe é bíi ìgbà mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa fi ìka ẹsẹ̀ kó o jọ, ìyẹn ń fún àwọn iṣan kéékèèké nínú àtẹ́lẹsẹ̀ lágbára. Pádì rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń ki sábẹ́ ìka tàbí tí wọ́n ń fi bo oríkèé wà láwọn fámásì ńlá, kò sì wọ́n jù. Téèpù tí wọ́n fi ń lẹ egbò náà wúlò, wọ́n máa ń gbà á láàárín ìka tó ń gbé sókè àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó lè dúró sílẹ̀, àmọ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe físíò kọ́ yín lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ má lọ dì í kí ẹ̀jẹ̀ má ríbi gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bíléèdì yẹn nù. Awọ tó yi yẹn, tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀nù, ara ló ń fi dáàbò bo ara ẹ̀ níbi tí bàtà ti ń ha á, tẹ́ ẹ bá gé e lẹ́ẹ̀mẹwàá tí bàtà ò yí padà ó máa padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọjọ́ kan ṣoṣo tí bíléèdì bá ṣèèṣì wọ ẹran ni wàhálà ńlá máa bẹ̀rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ rẹ ẹsẹ̀ sí fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fi òkúta tí wọ́n fi ń ha ẹsẹ̀ rá a jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá fi òrí pa á. Ẹni tó bá ní àrùn ṣúgà ò gbọ́dọ̀ ṣe èyí fúnra ẹ̀ o.

Ní ti àwọn tó ń to eegun, mi ò bú wọn, àmọ́ eegun yín ò ṣẹ́, oríkèé yín ò sì yẹ̀, kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ tò. Ẹni tó bá fipá fa oríkèé tó ti gan lè já iṣan tó kù. Oparéṣọ̀n wà fún ẹni tí bàtà àti pádì ò ràn lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí ìrora ò jẹ́ kó rìn tàbí tí orí ìka ti ń degbò. Tí ìka bá ṣì ń nà, iṣan ni wọ́n máa ń gé tàbí gbé sípò míì. Tó bá ti gan, wọ́n á gé eegun kékeré kúrò ní oríkèé tàbí kí wọ́n so eegun méjèèjì pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi wáyà gba orí ìka wọlé tó máa wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Oríkèé tí wọ́n bá so pọ̀ ò ní ká mọ́ láéláé, wíwú ẹ̀ sì lè gbà tó oṣù púpọ̀ kó tó lọ. Ẹ̀ka àwọn dókítà eegun ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí yín n'Ìbàdàn níbẹ̀, lẹ máa béèrè, àwọn tó wà l'Ékòó mọ ilé ìwòsàn eegun tó wà n'Ìgbòbí.

ÌBÉÈRÈ: Mo bí ọmọkùnrin lóṣù tó kọjá, ó ní ìka mẹ́fà lẹ́sẹ̀ òsì, èyí tó lé yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín. Ìyá ọkọ mi ní òwú dúdú ni wọ́n fi ń so ó, pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan á já bọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n gbà? (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ o, Olúwa á wò ó. Olúgbódi lẹ bí, àwọn baba wa ti ń rí irú ẹ̀ láti ayébáyé débi pé ó ní orúkọ àmútọ̀runwá tiẹ̀. Láàárín àwa èèyàn dúdú ó wọ́pọ̀ gan-an, ó máa ń tọ ìdílé, tẹ́ ẹ bá béèrè dáadáa ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbọ́ pé bàbá ọkọ yín tàbí ẹnì kan nílé yín náà ní i. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí nǹkan míì tó ṣe ọmọ náà, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí dókítà ọmọdé yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ má gbà kí wọ́n so òwú. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ yín ò fi ibi sọ ọ́, wọ́n ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọmọ nígbà tiwọn, pàápàá tọwọ́ tó máa ń rọ̀ dirodiro láìní eegun. Àmọ́ ìka kẹfà tẹsẹ̀ sábà máa ń ní eegun àti oríkèé nínú, iṣan ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú ẹ̀. Òwú tó bá so ibẹ̀ lè mú kó jẹrà síbẹ̀, kó gbọyún, kó ṣẹ̀jẹ̀, òwú tó dọ̀tí lè kó tẹ́tánọ́ọ̀sì ran ìkókó, kùkùté tó bá ṣẹ́ kù á sì máa dun ọmọ nígbà tó bá ń wọ bàtà. Kò sí ìkánjú kankan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n á ya ẹ́síréè, wọ́n sì sábà máa ń ṣe é nígbà tí ọmọ bá ń sún mọ́ ọdún kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dáadáa. Tí ìka náà bá dúró létòlétò tí bàtà sì gbà á, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún màmá, kẹ́ ẹ tiẹ̀ mú wọn dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra ẹ̀ kì í bínú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ìlú London ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 52 ni mí. Eegun ti yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò mi méjèèjì, àtàǹpàkò fúnra ẹ̀ ti wá tẹ̀ lọ sápá àwọn ìka yòókù. Màmá mi ní i, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọdún 14 náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ra ike kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kí n máa dè mọ́ ọn sùn pé ó máa tò ó, ó ti lé lóṣù mẹ́fà mi ò rí ìyàtọ̀. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún ń ta ìpara tó ń yọ́ eegun. (Peckham, London)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun mà. Kò sí ìpara tó ń yọ́ eegun, ẹ má fowó yín ṣòfò. Nǹkan tó yọ yẹn, bunion, kì í ṣe eegun tuntun tó hù. Eegun gígùn tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò, tẹ́yin náà mọ̀ pé ó wà nínú ẹsẹ̀ lápá iwájú, òun ló ń ṣí kúrò nípò ẹ̀ lọ síta díẹ̀díẹ̀, tí orí àtàǹpàkò wá ń dà lọ sínú, orí eegun yẹn lẹ ń fọwọ́ kàn. Tí ìpara bá lè yọ́ ọ, yóò yọ́ eegun tẹ́ ẹ fi ń rìn.

Ike tẹ́ ẹ ń dè yẹn lè mú kó tura fún àwọn kan lóru, àmọ́ lára àgbàlagbà kò ní mú eegun padà sípò, torí bẹ́ẹ̀ tí kò bá ń mú ìrora yín dín kù ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ sùn dáadáa. Ohun tó ń ṣe èèyàn lóore ni bàtà tó fẹ̀, tó rọ̀, tí gìgísẹ̀ ẹ̀ ò ga, pádì bunion tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì, yìnyín tẹ́ ẹ fi táwẹ̀lì wé tẹ́ ẹ fi lé e fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún tó bá ń ro yín, parasítámọ́ọ̀lù nígbà tó bá le. Bí ìwọ̀n ara bá pọ̀, dídín in kù ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Níbi tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ lọ bá GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, á lè darí yín sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹsẹ̀. Tí ìrora bá ń dí ayé yín lọ́wọ́ wọ́n lè sọ̀rọ̀ oparéṣọ̀n, àmọ́ NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, kì í ṣe é torí ẹwà nìkan. Wọ́n á gé eegun náà, wọ́n á sún un padà, wọ́n á fi ìdè irin dè é. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan kékeré ni: ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa sinmi lórí ìjókòó, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tẹ́ ẹ ò ní lè wa mọ́tò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kẹ́ ẹ tó padà síbi iṣẹ́, eré ìdárayá lè di oṣù mẹ́fà. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ìtọ́jú àgbàlagbà bíi ti ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa níbẹ̀, tẹ́ ẹ máa ń dúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ti wá ẹni tó máa dúró tì yín ṣáájú, ẹ ti to ọ̀rọ̀ owó yín. Ó sì lè padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ṣe é torí ìrora ni inú wọn ń dùn sí i.

Ọmọ yín obìnrin, wọ́n sábà máa ń dúró kí eegun ẹ̀ dàgbà tán kí wọ́n tó ronú iṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ ló jogún, bàtà kọ́ ló fà á, torí náà ẹ má bú u, àmọ́ bàtà ṣóńṣó lè mú kó yára.

Ohun kan péré kẹ́ ẹ ṣọ́: tó bá jẹ́ pé ẹ sùn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oríkèé àtàǹpàkò ṣàdédé wú, tó pọ́n, tó gbóná, téèyàn ò lè fi aṣọ kàn án, kì í ṣe bunion nìyẹn mọ́, ó lè jẹ́ gáòtì, ìyẹn oríṣi làkúrègbé kan, tàbí kí kòkòrò ti wọ inú oríkèé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ rí dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi jẹ́ ọdún méjì, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ kẹrin ká wọlé sábẹ́ ìka kẹta lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó ń sáré kiri, kì í sunkún. (Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ọmọ tó ń sáré kiri tí kì í sunkún, ẹ jẹ́ kó máa sáré. Iṣan ìsàlẹ̀ ìka náà ló kúrú díẹ̀, ó máa ń tọ ìdílé, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ń tò fúnra ẹ̀ bọ́mọ ṣe ń dàgbà. Téèpù tí wọ́n máa ń so ò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Tó bá kọjá ọdún mẹ́rin tí ìka náà ń dùn ún tàbí tí èékánná ẹ̀ ń ha á lẹ́ran, dókítà eegun lè gé iṣan yẹn, oparéṣọ̀n kékeré ni. Ẹsẹ̀ ọmọdé ń yára dàgbà, ẹ máa fọwọ́ wo iwájú bàtà ẹ̀ ní oṣù méjì méjì sí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ sì ṣọ́ra fún bàtà bọ́síkọ́rọ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ míì ti tẹ̀ sí ọ̀nà tiẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá ẹni ọdún 61 ni mí, mo ti ń lo oògùn ṣúgà láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo ìka ẹsẹ̀ mi ti ká wálẹ̀. Kò dùn mí rárá, ìyàwó mi ló rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ mi lọ́jọ́ Sunday, a wá rí egbò lórí ìka kejì. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ ẹ́. Ṣé mo lè ra bàtà tó fẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ? (Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ka èyí parí, ẹ ní kí wọ́n ṣètò mọ́tò. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe ọ̀la. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, mo ti kọ èsì sí yín lóòótọ́ kí ìwé yìí tó jáde, àmọ́ mo fi lẹ́tà yín síbí torí mo mọ̀ pé àwọn míì wà nílé tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwọn rí.

Pé kò dùn yín gan-an lohun tó burú níbẹ̀. Ṣúgà tó ga fún ìgbà pípẹ́ ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ (nerve) jẹ́, ó tún ń ba irú wọn tó ń pàṣẹ fáwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ìka nínú àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́. Tí àṣẹ ò bá dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ wọ́n á rọ, àwọn iṣan ńlá tó wá látara ojúgun á wá borí, ìka á ká. Claw toe tí mo ní màá débẹ̀ nìyẹn. Ìka tó ká báyìí, orí ẹ̀ ń ha bàtà, ẹnu ẹ̀ ń gún ilẹ̀, ìpìlẹ̀ àwọn ìka náà ló wá ń gbé gbogbo ìwúwo ara, egbò á dá síbẹ̀, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ò ní mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣàn dé ẹsẹ̀ dáadáa ò ní jẹ́ kó jiná, kòkòrò á wọ eegun. Bí wọ́n ṣe ń gé ẹsẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé egbò kékeré tí kò dun ẹnikẹ́ni ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ẹ má fi omi gbígbóná kan ẹsẹ̀ yẹn mọ́, ẹsẹ̀ tí kò mọ ooru lè bó láìmọ̀. Ẹ má gé awọ, ẹ má lẹ pláásítà kọ́ọ̀nù olóògùn, ásíìdì wà nínú ẹ̀, ó máa jẹ ẹran. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, nínú ilé pàápàá, tẹ́ ẹ bá sì ní láti bọ́ bàtà ní mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun mọ́ tí ẹ̀jẹ̀ máa ń hàn lára ẹ̀, kẹ́ ẹ yẹ ẹsẹ̀ wò lẹ́yìn ẹ̀. Lálaalẹ́ kẹ́ ẹ fi dígí wo abẹ́ ẹsẹ̀ àti àárín ìka, tí ojú ò bá ríran dáadáa kí ìyàwó tàbí ọmọ bá yín wò ó. Láràárọ̀ kẹ́ ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, òkúta kékeré lè wà nínú ẹ̀. Ẹ sùn síbi tí eku ò lè dé, eku máa ń jẹ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóru tí ẹni tó ni ín ò ní jí.

Nílé ìwòsàn wọ́n máa wo bóyá egbò ti dé eegun, wọ́n á ya ẹ́síréè, wọ́n á fi okùn náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín láti mọ ibi tí ìmọ̀lára ti kú dé, wọ́n á wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, wọ́n á sì wá ọ̀nà tí ìwúwo ara ò fi ní máa bọ́ sórí ibi egbò. Bàtà tó fẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ̀yìn tí egbò bá jiná ni, ó sì yẹ kó jẹ́ bàtà tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ yín ṣe, tí inú ẹ̀ rọ̀, tó ga lókè ìka. Tí ìka bá ṣì rọ̀, dókítà lè gé iṣan tó ń fà á wálẹ̀ kí ẹnu ìka yé kan ilẹ̀. Àmọ́ ṣúgà fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi la ń fi agbọ̀n pọn.

Ẹni tí ìka ẹ̀ bá ká báyìí tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò tí kò ní ṣúgà, tó wá ní àbààwọ́n lára tí kì í mọ ìmọ̀lára, kó má fi pamọ́, kó lọ yẹ ara ẹ̀ wò fún ẹ̀tẹ̀. Oògùn ẹ̀tẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, oṣù mẹ́fà tàbí oṣù méjìlá ni wọ́n fi ń lò ó, tí wọ́n bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ìka ò ní ká tó bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ìka kẹrin lẹ́sẹ̀ mi kúrú ju ti gbogbo èèyàn lọ, mi ò lè wọ sálúbàtà lọ sí ilé ìwé. Wọ́n ní wọ́n lè fa eegun gùn. Ọmọ ọdún 19 ni mí. (Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, eegun gígùn tó wà lẹ́yìn ìka yẹn ló tètè dá ìdàgbà dúró, ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fa eegun gùn, àmọ́ oṣù púpọ̀ ni, irin máa ń wà lẹ́sẹ̀, ìka lè gan lẹ́yìn ẹ̀, kòkòrò lè wọ ibẹ̀. Tí kò bá dùn ọ́ nígbà tó o bá ń rìn, ìmọ̀ràn mi ni pé kó o má ṣe é. Wọ sálúbàtà ẹ.

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ ni mí, mo ti lé lógójì ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí nǹkan kan ń gé ìdí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi, ó yí i ká bí òrùka, orí ìka náà ti wú roboto, ó ń jò, ó sì dà bíi pé ó fẹ́ já. Àwọn ará ilé ní mo tẹ nǹkan lóko, mo ti náwó sí i, kò dúró. (Ẹ̀bá Ìsẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀gbọ́n. Inú mi dùn pé ẹ kọ̀wé, torí àìsàn yìí wà lára àwọn èèyàn wa gan-an, a kì í sì í sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ ò tẹ nǹkan kankan. Ainhum ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìṣègùn káàkiri ayé. Dókítà kan ní ìlú Salvador, ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, tó ń jẹ́ José Francisco da Silva Lima, ló kọ́kọ́ kọ àlàyé ẹ̀ ní kíkún jáde lọ́dún 1867, lára àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ló ti rí i. Àwọn Nàgó, àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀, ni wọ́n ní ó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn, ayùn ni wọ́n ń pè é torí bó ṣe ń gé ìka díẹ̀díẹ̀. Mo sọ ìtàn yìí fún yín kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé nǹkan tó ń ṣe yín ti wà lára àwọn babańlá wa, ó tẹ̀ lé wọn kọjá òkun, ẹni tó bá sọ pé ọ̀tá kan ló dì í fún yín lóko Ìsẹ́yìn ń jẹ owó yín ni.

Wọn ò tíì mọ ohun tó ń fà á gan-an. Ó máa ń mú àwọn tó wà láàárín ọgbọ̀n sí àádọ́ta ọdún, ọmọńdinrín ló sábà máa ń mú, ó lè mú ẹsẹ̀ méjèèjì. Awọ abẹ́ ìka á là, á yi, á di òrùka, òrùka yẹn á máa fún ìka náà mọ́lẹ̀ títí á fi dé iṣan, á dé eegun, eegun á máa yọ́ níbẹ̀, lópin ẹ̀ ìka á já fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá tètè lọ, nígbà tí òrùka yẹn ò tíì jìn, wọ́n lè gé òrùka náà kí wọ́n sì rán awọ ẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ kó má bàa tún fún un mọ́. Nítorí náà ẹ yẹ ọmọńdinrín kejì wò lónìí, tẹ́ ẹ bá rí ìlà tó jìn lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi han dókítà, òun la ṣì lè gbà sílẹ̀.

Èyí tó ti wú roboto tó ń jò yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ má bẹ̀rù. Èèyàn ń rìn, ó ń kọ ebè, ó ń gun ọ̀kadà láìní ọmọńdinrín ẹsẹ̀, ìrora tó ti ń bá yín láti ọdún mẹ́ta ló máa lọ. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ gé e fúnra yín tàbí kẹ́ ẹ fi okùn so ó kó lè tètè já, ẹ̀jẹ̀ lè má dá, tẹ́tánọ́ọ̀sì sì wà nínú ilẹ̀ oko. Ẹ ní kí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò, kí dókítà sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò bóyá ìmọ̀lára wà níbẹ̀, torí àwọn àìsàn míì wà tó lè ṣe òrùka báyìí lára ìka. Títí wọ́n á fi dá yín lóhùn, ẹ máa fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi báńdéèjì bò ó, ẹ wọ bàtà òjò lọ sóko. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìsẹ́yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, kẹ́ ẹ sì ṣe é kí iṣẹ́ oko tó wọra, ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé nǹkan kúrò lára ẹ̀ nílò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí kò ní wọ ẹrẹ̀.